Orí Kẹrin: Ẹlẹ́rìí Méjì fún Baba-ńlá Kan

Àwọn àgbà a máa wí pé bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá, àti pé àrọ́bá ni baba ìtàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá jókòó ti àrọ́bá ìdílé rẹ̀, tí ó sì fẹ́ fi í mọ orúkọ àwọn tí ó bí àwọn òbí rẹ̀, yóò tètè rí i pé àrọ́bá kì í gbé ojú kan ṣoṣo nínú ilé. Díẹ̀ ń bẹ lẹ́nu baálé, díẹ̀ ń bẹ lẹ́nu àwọn obìnrin ilé, díẹ̀ fara pamọ́ sínú èèwọ̀ tí à ń pa mọ́ láìbèèrè ìdí rẹ̀, díẹ̀ wà ní ojú oórì baba-ńlá tí a sin sí inú yàrá, díẹ̀ sì wà nínú ìwé tí akọ̀wé kóòtù kan kọ nígbà ayé òyìnbó, tí kò sí ọmọ ilé kan tí ó tún rántí pé ó wà. Ohun tí mo fẹ́ kí orí yìí fi yé òǹkàwé ni pé kò sí ọ̀kan nínú àwọn wọ̀nyí tí a lè gbà gbọ́ ní òun nìkan. Agbọ́-ẹjọ́-ẹnì-kan-dá, àgbà òṣìkà ni. Bí ó ti rí ní ìdí ẹjọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí ní ìdí ìran. Orúkọ tí a bá fẹ́ kọ sílẹ̀ pé baba-ńlá wa ni, kí á wá ẹlẹ́rìí méjì fún un, kí àwọn méjèèjì má sì ṣe jẹ́ irú kan náà.

Inú agboolé ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí ó bá dáwọ́ lé e a máa gba ọ̀dọ̀ baálé tàbí mọ́gàjí lọ tààrà, yóò kúnlẹ̀ tàbí kí ó dọ̀bálẹ̀, yóò sì ní kí baba ka àwọn tí ó ti jẹ ṣáájú wọn. Nígbà tí ó bá kọ orúkọ mẹ́fà tán, yóò rò pé ìran mẹ́fà ni òun ti kọ. Oyè ni ó kọ, kì í ṣe ìran. Baálé a máa gba ipò lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tàbí lọ́wọ́ ọmọ arákùnrin baba rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni orúkọ mẹ́fà lè wá jẹ́ ìran méjì péré. Àṣìṣe kejì a máa lọ sí apá kejì: àwọn tí kò joyè, tí kò jagun, tí kò ní ilẹ̀ tí à ń fi orúkọ wọn pè, a máa yọ́ kúrò nínú ìtàn, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnu yóò fi fo láti orí ẹni tí ó tẹ ilé náà dó bọ́ sí orí baba tí ó bí baba ẹni, bí ẹni pé kò sí ènìyàn kankan láàrin wọn. Nítorí èyí ni ó ṣe dára kí á máa ṣe ìṣirò: láti ìran kan dé èkejì, ọdún márùn-ún-dín-lọ́gbọ̀n sí ọgbọ̀n ni à bá máa retí, nítorí náà bí ìtàn bá sọ pé baba baba wa ni ó tẹ̀lé àwọn tí ó kọ́kọ́ dó sí Abẹ́òkúta ní 1830, tí baba wa sì jẹ́ ẹni tí a bí ní 1930, ó dájú pé orúkọ méjì tàbí mẹ́ta ti sọnù.

Kí á tún ṣọ́ra fún ọ̀nà tí àwa Yorùbá ń gbà pe ìbátan. Gbogbo àgbà ọkùnrin ilé ni bàbá, gbogbo ẹni tí ó jù wá lọ ni ẹ̀gbọ́n, a kì í sì í ya ọmọ arákùnrin baba sọ́tọ̀ kúrò lára ọmọ baba. Ìbéèrè tí ó ń tú okùn yìí ni pé kí á bi àgbà náà bóyá iyèkan ni wọ́n tàbí ọbàkan, bóyá ìyá kan náà ni ó bí wọn tàbí baba kan náà. Bí ó bá sì jẹ́ ọbàkan, kí á bèèrè ìdí igi, èyíinì ni ẹ̀ka ìyá, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ti wá, nítorí ìdí igi ni a fi máa ń pín ogún, ẹni tí a sì ti pín ogún fún kì í gbàgbé ìdí rẹ̀. Opó ṣíṣú pẹ̀lú wà níbẹ̀: obìnrin kan lè bí ọmọ mẹ́ta fún ẹ̀gbọ́n, kí ó sì bí méjì fún àbúrò lẹ́yìn ikú ẹ̀gbọ́n náà, kí gbogbo wọn sì máa jẹ́ orúkọ baba kan ṣoṣo títí di òní.

Àwọn obìnrin ilé, èyíinì ni àwọn tí a fẹ́ wá sínú agboolé, ni mo kà sí olórí àwọn tí ìtàn ìdílé ń bẹ lọ́wọ́ wọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ni à ń bi kẹ́yìn. Aya kì í pe àwọn tí ó bá nílé ọkọ lórúkọ. Ọmọ ọdún mẹ́rin tí ó bá nílé lọ́jọ́ tí ó wọlé, ọkọ rẹ̀ ni, orúkọ ẹ̀yẹ ni yóò sì fi máa pè é títí ikú. Nítorí náà, nígbà tí ìyá àgbà kan bá ń sọ nípa Ìbàdíàrán, tí ọmọ-osú ilé, èyíinì ni ọmọbìnrin tí a bí sínú ilé náà, sì ń sọ nípa Àdùkẹ́, ó ṣeé ṣe kí ènìyàn kan náà ni wọ́n ń sọ, ẹni tí kò bá mọ àṣà yìí yóò sì ti kọ ènìyàn méjì sínú ìwé rẹ̀. Àtúnṣe rẹ̀ kò ṣòro: kí á jẹ́ kí aya ilé kan àti ọmọ-osú kan jókòó pa pọ̀, kí a bi wọ́n lọ́rọ̀ kan náà, kí ọ̀kan máa ran èkejì létí.

Bí a bá sọ fún irú ìyá bẹ́ẹ̀ pé kí ó sọ ìtàn, yóò dáhùn pé òun kò mọ ìtàn, kí á lọ bá àwọn ọkùnrin. Ṣùgbọ́n bí a bá bẹ̀ ẹ́ kí ó ki ọkọ rẹ̀, tàbí bí ọmọ ilé kan bá kí i láàárọ̀ tí inú rẹ̀ sì dùn, a ó gbọ́ orúkọ ìlú tí kò sí mọ́, ogun tí ó lé wọn, ẹni tí ó ga, ẹni tí ó dúdú, ẹni tí ó ní ẹṣin, ẹni tí ó kú sínú ìjà, ìyàwó tí ó fi ilé sílẹ̀. Oríkì bọ̀rọ̀kìnní ń sọ nípa ẹnì kan. Oríkì orílẹ̀ ń sọ nípa ibi tí gbogbo ìran ti ṣẹ̀ wá. Ìdílé kan lè ti wà ní Ìbàdàn láti ìgbà tí wọ́n tún ìlú náà tẹ̀ dó ní nǹkan bí 1829, kí gbogbo ọmọ rẹ̀ má mọ ìlú mìíràn, síbẹ̀ bí a bá ń ki wọ́n, Ìkòyí ni a ó máa pè, tàbí Ọ̀fà, tàbí Ọ̀jẹ. Ìjàkadì yóò sì máa tẹ̀lé ará Ọ̀fà, ogun yóò máa tẹ̀lé ará Ìkòyí, níbikíbi tí wọ́n bá tẹ̀dó sí. Adébóyè Babalọlá ṣe iṣẹ́ tí a kò lè san tán nígbà tí ó tẹ àkójọ oríkì orílẹ̀ jáde ní 1967, Bọ́láńlé Awẹ́ sì fi hàn nínú àpilẹ̀kọ kan ní 1974 bí òpìtàn ṣe lè fi oríkì ṣe ẹ̀rí ìtàn, láìgbàgbé pé ẹni tí ń kini kì í ṣe adájọ́. Ẹni tí ń kini ń wá ìdùnnú ẹni tí ó ń kì. Ó lè bù kún un, ó lè ya oríkì ìdílé mìíràn lò, ó sì lè ki ọmọ pẹ̀lú oríkì ìdílé ìyá rẹ̀ nítorí pé ìyá náà ni ó gbajúmọ̀.

Níbí ni a ti ń nílò ẹlẹ́rìí kejì, àwọn tí kì í sọ̀rọ̀ sì ni wọ́n dára jù. Èèwọ̀ ni ọ̀kan: bí oríkì bá ní ìlú báyìí ni a ti wá, tí ẹran tí a kì í jẹ nílé wa sì jẹ́ ẹran kan náà tí àwọn ará ìlú yẹn kì í jẹ, ọ̀rọ̀ náà ti ń lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ilà ojú ni èkejì, yálà pélé ni tàbí àbàjà tàbí gọ̀ǹbọ́. Bí ọmọdé òde òní kò tilẹ̀ ní i mọ́, àwòrán baba-ńlá tí ó wà lára ògiri pálọ̀ lè ṣì fi í hàn. Ìpilẹ̀ orúkọ ni ẹ̀kẹta. Àyàn ń tọ́ka sí ìdílé onílù, Ọ̀jẹ̀ sí ìdílé eléégún, Ọdẹ sí ìdílé ọlọ́dẹ, Fá sí ìdílé babaláwo. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ Fáṣọlá ni ó di Olúṣọlá lọ́jọ́ ìrìbọmi, nítorí náà kí á máa bèèrè orúkọ tí ó wà kí tuntun tó dé.

Inú orúkọ bákan náà ni ọ̀rọ̀ ìlera farapamọ́ sí. Málọmọ́, Kòsọ́kọ́, Dúrójayé, Ìgbẹ́kọ̀yí: bí a bá rí irú wọn lera wọn nínú ìdílé kan, ikú ọmọdé ni wọ́n ń kéde. Ìgbóná, ibà àti èéyi pa ọmọ púpọ̀ láyé àtijọ́, nítorí náà a kò lè di gbogbo rẹ̀ ru àrùn kan. Síbẹ̀, ó yẹ kí ẹni tí ó rí orúkọ àbíkú mẹ́ta mẹ́rin ní ìran kan lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò kí ó tó gbéyàwó, nítorí nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ni ó ní ẹ̀jẹ̀ AS, bí AS méjì bá sì fẹ́ra, oyún kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá ní ni ó ní ìdá kan nínú mẹ́rin láti di ọmọ tí ó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde.

Ti ọdún ńkọ́? Àwọn àgbà wa kì í fi nọ́ńbà ka ọdún. Ìṣẹ̀lẹ̀ ni wọ́n fi ń kà á. Kí á má ṣe bi ìyá àgbà pé ọdún wo ni wọ́n bí baba rẹ̀. Kí á bi í bóyá baba náà ti ń rìn nígbà tí reluwé dé Ìbàdàn, èyíinì ni 1901. Bóyá ó ti gbéyàwó nígbà Ogun Adùbí ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, èyíinì ni 1918, ọdún kan náà tí àrùn ọ̀fìnkìn ńlá gbòde. Bóyá ọmọ tí ó gbẹ̀yìn ti wà ní ilé-ìwé nígbà tí Àgbẹ̀kọ̀yà ń jà ní 1968 àti 1969. Ìdáhùn mẹ́ta irú èyí a máa há ọdún ìbí kan mọ́ àárín ọdún márùn-ún. Ti àwọn ará Ìjẹ̀bú tilẹ̀ rọrùn jù, nítorí ẹgbẹ́ ọjọ́-orí wọn, tí wọ́n ń pè ní regbéregbé, ní orúkọ, ẹni tí ó bá sì mọ regbéregbé baba rẹ̀ ti mọ ìwọ̀nba ọdún tí a lè bí i.

Lẹ́yìn ẹnu ni ìwé. Ìwé ìrìbọmi àti ti ìgbéyàwó nínú àwọn ìjọ àtijọ́ jẹ́ ìṣúra, nítorí orúkọ òbí, ibùgbé àti iṣẹ́ wọn sábà máa ń wà níbẹ̀; ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dé Àgbádárìgì ní 1842, ìjọ Sẹ́ẹ̀mẹ́ẹ̀sì dé Abẹ́òkúta ní 1846, nítorí náà ẹni tí ìran rẹ̀ bá tètè gba ìgbàgbọ́ lè bá ìwé lọ sẹ́yìn ju ẹni mìíràn lọ. Kí ó má sì ṣe yà á lẹ́nu bí ó bá bá iyèkan méjì tí orúkọ ìdílé wọn yàtọ̀, nítorí nígbà tí tíṣà bá bèèrè orúkọ baba, ọ̀kan lè dárúkọ baba, kí èkejì dárúkọ baba-ńlá, kí ẹ̀kẹta sì fi Àlàó tàbí Àkànní tí wọ́n fi ń ki baba náà ṣe orúkọ. Ilé àkójọ ìwé ìjọba, tí a tipa akitiyan òpìtàn Kenneth Dike dá sílẹ̀ ní 1954, tí ó sì wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, ni ibi tí ó lọ́rọ̀ jù fún ìwé ìgbà òyìnbó: ìròyìn tí àwọn ajẹ́lẹ̀ kọ nípa ìlú, ẹ̀sùn lórí oyè, lẹ́tà tí àwọn ìdílé kọ. Ẹjọ́ ilẹ̀ ni kí á fi ojú sí lára jù lọ. Nínú rẹ̀, baálé búra, ó sì ka ìran rẹ̀ láti orí ẹni tí ó tẹ ilẹ̀ náà dó, akọ̀wé sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń ka ìran láti fi gba ilẹ̀ yóò ka èyí tí yóò fún un ní ilẹ̀. Nítorí náà ẹ̀rí olùfisùn àti ti olùjẹ́jọ́ ni kí á kà pọ̀, ibi tí àwọn ọ̀tá méjèèjì bá sì ti fẹnu kò lórí orúkọ kan, a lè fi ọkàn balẹ̀ lé e.

Ẹ jẹ́ kí á wo ìdílé kan tí ìtàn rẹ̀ wà ní gbangba. Ní 1821 ni ogun kó Òṣoògùn, tí wọ́n mú ọmọdékùnrin kan tí ń jẹ́ Àjàyí pẹ̀lú Àfàlá ìyá rẹ̀ àti àwọn arábìnrin rẹ̀. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó. Ní oṣù kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ àwọn Potogí tí wọ́n kó o sí lójú òkun, wọ́n sì gbé e lọ sí ilẹ̀ Sàró. Ní 1825 ó ṣe ìrìbọmi, ó sì gba orúkọ àlùfáà Gẹ̀ẹ́sì kan, Samuel Crowther. Bí àrọ́mọdọ́mọ rẹ̀ bá tọ ipa Crowther, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni yóò gbé e lọ. Bí ó bá tọ ipa Àjàyí, kìkì pé ọmọ náà dojú bolẹ̀ nígbà tí a bí i ni yóò mọ̀. Lẹ́tà tí òun fúnra rẹ̀ kọ ní 1837 ni ó so okùn náà, nítorí ó dárúkọ ìlú rẹ̀ níbẹ̀, ó sọ àwọn tí wọ́n mú pẹ̀lú rẹ̀, ó sì sọ bí wọ́n ti tà á láti ìlú dé ìlú. Nígbà tí ó sì padà dé Abẹ́òkúta gẹ́gẹ́ bí àlùfáà ní 1846, ìròyìn rẹ̀ dé etí ìyá rẹ̀, ìyá náà sì wá a wá ní oṣù kẹjọ ọdún yẹn, lẹ́yìn ọdún márùn-ún-dín-lọ́gbọ̀n. Ohun tí ọmọ ti kọ sínú ìwé kí ó tó di pé ẹnikẹ́ni lè yẹ̀ ẹ́ wò, ìyá fi ara rẹ̀ ṣe ẹ̀rí rẹ̀.

Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni kò rí irú àyè bẹ́ẹ̀. Àwọn tí a gbà lójú òkun, tí a sì kó sọ̀kalẹ̀ ní Freetown àti ní Havana, ni a kọ orúkọ wọn sínú ìwé, pẹ̀lú ọjọ́ orí wọn. Àwọn orúkọ tí a ti kó jọ láti inú rẹ̀ lé ní 91,000. Etí òyìnbó ni ó gbọ́ wọn, ọwọ́ òyìnbó ni ó kọ wọ́n, nítorí náà ojú nìkan kò tó kà wọ́n: bí a bá pè wọ́n sókè, etí ọmọ Yorùbá a máa dá Àìná àti Òjó mọ̀ nínú àkọkúkọ náà. Ní Amẹ́ríkà, odi kan wà tí gbogbo olùwádìí ìran àwọn ẹrú ń forí gbá, èyíinì ni ọdún 1870. Ìkànìyàn ọdún yẹn ni àkọ́kọ́ tí ó kọ orúkọ gbogbo àwọn tí a dá sílẹ̀ lóko ẹrú, nítorí ní 1850 àti 1860, ọjọ́ orí, àwọ̀ àti akọ tàbí abo nìkan ni wọ́n kọ sábẹ́ orúkọ olówó wọn. Ní Brazil, ìjọba tilẹ̀ pàṣẹ ní 1890 pé kí wọ́n sun ìwé ìṣirò ẹrú. Síbẹ̀, ara a máa jẹ́rìí. Matilda McCrear, tí ọkọ̀ Clotilda gbé dé Alabama ní 1860 nígbà tí ó ṣì jẹ́ ọmọdé lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ru ilà ojú rẹ̀ títí ó fi kú ní 1940.

Ẹ̀rí ara mìíràn wà tí ojú kò rí, èyíinì ni DNA tí ó wà nínú sẹ́ẹ̀lì wa. Baba ń fi kírómósómù Y fún ọmọkùnrin rẹ̀ nìkan, ìyá sì ń fi DNA inú mitokọ́ndríà fún gbogbo ọmọ rẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin nìkan ni wọ́n sì ń gbé ti ìyá lọ sí ìran tí ó kàn. Nítorí náà èkínní ń tọ ipa baba baba baba, èkejì ń tọ ipa ìyá ìyá ìyá. Ṣùgbọ́n òbí méjì, òbí-àgbà mẹ́rin, mẹ́jọ, mẹ́rìndínlógún: bí a bá fi ìlọ́po méjì bá a lọ dé ìran kẹwàá sẹ́yìn, àyè 1,024 ni yóò wà fún àwọn baba-ńlá àti ìyá-ńlá, ẹyọ kan ṣoṣo nínú wọn sì ni kírómósómù Y ń sọ ìtàn rẹ̀. DNA yòókù ń wá láti ọ̀dọ̀ òbí méjèèjì, ó sì ń dàrú mọ́ra ní ìran kọ̀ọ̀kan, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn baba-ńlá kan kò fi ní ohunkóhun nínú ara wa mọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ni ó bí wa.

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ àyẹ̀wò bá sọ fún ẹnì kan ní Chicago pé ìdá báyìí nínú rẹ̀ wá láti Nàìjíríà, ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n fi DNA rẹ̀ wé ti àwọn ènìyàn òde òní tí wọ́n ti gba àpẹẹrẹ lọ́wọ́ wọn. Àwọn ọmọ Yorùbá 90 láti Ìbàdàn, baba, ìyá àti ọmọ ní ìdílé 30, ni wọ́n fi ara sílẹ̀ fún iṣẹ́ ìwádìí HapMap tí àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 2005, irú àpẹẹrẹ bẹ́ẹ̀ ni a sì ń fi wé. Àyẹ̀wò náà kò mọ ààlà tí òyìnbó fà láàrin Nàìjíríà àti Benin. Kò sì lè ya ará Ìkòyí sọ́tọ̀ kúrò lára ará Ọ̀fà. Ohun tí ó lè ṣe dáadáa ni láti fi ìbátan alààyè han ìbátan alààyè. Ó tún lè fi hàn pé ẹni tí à ń pè ní baba kì í ṣe baba, ẹni tí kò bá ṣetán láti gba irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ mọ́ra kò gbọdọ̀ fi itọ́ ránṣẹ́.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ ẹrú àti ìwọ̀fà rí. Kò sí agboolé ńlá tí kò ní àwọn tí a fi ogun kó wọlé nígbà àwọn ogun abẹ́lé ilẹ̀ Yorùbá tí ó jà fún nǹkan bí àádọ́rin ọdún, títí dé ogun Kírìjì, tí ó parí ní 1893. Àwọn ọmọ wọn ti di ọmọ ilé, wọ́n ń jẹ́ oríkì ilé, wọ́n sì ń jẹ ogún. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bí àgbà kan bá dákẹ́ nígbà tí a dárúkọ ẹnì kan, kí á bọ̀wọ̀ fún ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ ní gbangba, kí á padà wá bá a ní òun nìkan; bí ó bá sì sọ ọ́, kí á má ṣe kà á sókè níbi ìpàdé ẹbí.

Ohun tí a bá gbọ́, kí á kọ ọ́ bí a ti gbọ́ ọ, pẹ̀lú orúkọ ẹni tí ó sọ ọ́, bí ó ti tan mọ́ ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, àti ọjọ́ tí ó sọ ọ́. Kí á gba oríkì sínú fóònù, lẹ́yìn tí a bá ti tọrọ àyè, kí á sì jẹ́ kí ẹni tí ó kì í gbọ́ ọ kí á tó dìde. Níbi tí ẹlẹ́rìí méjì bá ti takora, kí á kọ ọ̀rọ̀ méjèèjì sílẹ̀, kí á má ṣe yan èyí tí ó wù wá. Ẹ̀dà kan yẹ baálé, òmíràn yẹ ọmọ ilé tí ó wà lókè òkun, ẹ̀kẹta sì yẹ àwọn ọmọbìnrin ilé tí wọ́n ti lọ sí ilé ọkọ, nítorí àwọn ni wọ́n ń gbọ́ oríkì ilé méjì, àwọn ni wọ́n sì sábà máa ń rí ibi tí orúkọ kan ti ṣì wọ ipò orúkọ mìíràn.